Òdòdó Tí Ewúrẹ́ Kì Í Jẹ

Ó ń pa ajá. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, kí ẹni tí kò bá ráyè ka ìyókù lè mú èyí dání kó máa lọ. Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè yẹn, tó rí bí agogo kékeré, tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín tó sì ń dán, tí gbogbo ẹni tó bá kọ́lé tuntun láti Tchaourou títí dé Parakou ń gbìn sẹ́nu géètì, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní lórié jóònù: ó ń pa ajá. Èso rẹ̀ ń pa ajá, ewé rẹ̀ ń pa ajá, ẹ̀ka rẹ̀ tó ti gbẹ pàápàá kò ṣeé fi sílẹ̀ níbi tí ajá wà. Kò sì dára fún ọmọ ènìyàn náà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òdòdó lásán ni, ẹ ní kó wá bá mi ní àtẹ́líè mi, níbi tí mo ti ń ránṣọ, kó wá sọ ọ́ lójú mi.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ọdún ti yí po lórí ọ̀rọ̀ náà, inú ṣì ń bí mi. Àwọn kan ní kí n gbàgbé, pé ajá ṣá ni. Ajá ṣá ni! Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ajá tó jẹ́ fún yín.

Aránṣọ ni mí. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti ṣaláìsí ni mo ti padà sílé bàbá mi ní Tchaourou, tí mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, tí mo sọ ibẹ̀ di àtẹ́líè. Bàbá mi ti dàgbà púpọ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti fọ́. Kò rí fírí, kò rí òjìji. Nígbà tí ojú náà kọ́kọ́ lọ, orí àga ni ó jókòó sí fún oṣù mẹ́ta gbáko. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àfi kí n bẹ̀ ẹ́ títí kó tó fi nǹkan kan ẹnu. Mo rò pé ó fẹ́ kú ni, mo sì ti ń bá Ọlọ́run sọ ọ́.

Ajá rẹ̀ ló gbé e dìde. Ajá pupa kan ni, tí Bàbá fi ń lé ọ̀yà nínú igbó nígbà tó ṣì ń ríran. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ajá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú ti Bàbá lórúnkún. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń sunkún, títí Bàbá fi fi ìbínú dìde, ó di okùn ọrùn rẹ̀ mú, ó ní, "Ó dáa, ó dáa! Níbo là ń lọ?" Ajá mú un jáde. Ó mú un gba ẹ̀gbẹ́ títì, ó mú un yí ihò kòtò ẹ̀yìn ilé ìwé po, ó mú un dé àgbàlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti pẹ́ jù lọ láyé, bàbá kan tí wọ́n jọ gbin kajú ní ọ̀nà Alafiarou láti ìgbà tí irùngbọ̀n ò tíì yọ lágbọ̀n wọn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ajá náà. Ẹ má bi mí bó ṣe mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ yẹn, òwúrọ̀ kan ò kọjá kí wọ́n má lọ. Mùsùlùmí ni ọ̀rẹ́ yìí, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni àwa. Ọ̀rẹ́ náà ò sì fẹ́ kí itọ́ ajá dé ibi tó ti ń kírun. Ọjọ́ kan péré ló bá ajá wí. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti dé, ajá á dúró sábẹ́ igi oríta, á dùbúlẹ̀, kò ní í sún mọ́ ẹní ìrun títí àwọn àgbà méjèèjì á fi rẹ́rìn-ín tán. Tí ó bá di ìgbà kajú, á mú Bàbá dé oko. Bàbá á máa fi ọwọ́ kan igi rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, á máa sọ èyí tó so àti èyí tó ń ya ọ̀lẹ. Ẹ ti rí i báyìí. Ajá yẹn ni ẹsẹ̀ Bàbá. Tí kò bá sí i, àga ló kù.

Àbúrò mi ọkùnrin ló gbé òdòdó wá. Ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní bùró kan ní Parakou, ọmọ dáadáa ni, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Òun ló kun ilé wa, òun ló ṣe géètì onírin. Ṣùgbọ́n ó ní àìsàn kan: ohun tó bá ti rí níwájú ilé àwọn ọ̀gá, ó gbọ́dọ̀ rí i níwájú ilé tiwa náà. Ó gbé igi òdòdó mẹ́rìnlá dé nínú ọkọ̀, ó ní ilé náà ń fẹ́ ẹwà.

Mo bi í o. Mo fi ẹnu ara mi bi í. Mo ní, "Èyí ò ní í ṣe ajá Bàbá ní nǹkan? Ìwọ náà mọ ajá yìí, kò sí igi tí kì í jẹ lẹ́nu."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tata," bó ṣe ń pe èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, "òdòdó ni! Iwájú bùró wa kún fún un. Ewúrẹ́ gan-an kì í jẹ ẹ́."

Ó já ewé kan kí ó lè fi hàn mí. Oje funfun tú jáde ní ìdí ewé náà, ó ń kán sí i lọ́wọ́. Mo fò sẹ́yìn. Ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí lẹ wá ń sá fún? Ṣebí irú oje bọmubọmu náà nìyí? Ṣebí bọmubọmu ni àwọn Fúlàní ń fún sínú wàrà màlúù kó lè dì, kó di wàgásì? Láti kékeré la ti ń jẹ wàgásì. Ó ti pa yín rí?"

Ẹ wò ó, ìdáhùn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ẹni tí kì í ṣe ará agbègbè wa ìbá ti bẹ̀rù oje funfun, ìbá ti fọ ọwọ́ rẹ̀, ìbá ti gbé igi náà padà. Ṣùgbọ́n àwa tí a fi wàgásì dàgbà, tí a mọ̀ pé oje ewé ló ń dì í, ẹ̀rù oje funfun ti kúrò lára wa. A rò pé gbogbo igi tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ funfun, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ti ewúrẹ́ wá ńkọ́? Ewúrẹ́ Tchaourou! Ewúrẹ́ tó ń jẹ àpò sìmẹ́ǹtì! Ewúrẹ́ tó wọ àtẹ́líè mi, tó jẹ bébà tí mo fi gé aṣọ ìyàwó adájọ́ kan, tó tún padà wá jẹ apá kan nínú aṣọ náà! Ewúrẹ́ yìí dé ibi òdòdó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn pa dà. Àwa ènìyàn tí a lọ sílé ìwé rí i bẹ́ẹ̀, a ní, "Ó ṣeun, ọgbà wa ò ní í bà jẹ́." Ẹ gbà mí!

Ẹnìkan kìlọ̀ fún wa. Obìnrin Fúlàní kan tó máa ń ru igbá wàgásì wá láti ọ̀nà Goro ni. Ẹ̀ẹ̀méjì lọ́sẹ̀ ló ń wá, oníbàárà rẹ̀ ni mí. Gbogbo ìgbà tó bá sì wá ló ń mú omi tó sẹ́ kúrò lára wàgásì dání fún ajá Bàbá, ó ń dà á sínú àwo kan tí etí rẹ̀ ti kán. Ọjọ́ tí àbúrò mi ń gbẹ́lẹ̀ náà ló wá. Ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó wo àwọn igi náà, ó ní, "Ìyá aránṣọ, èyí ò dáa. Àwa kì í jẹ́ kí màlúù wa débẹ̀."

Àbúrò mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní oje bọmubọmu náà ni.

Obìnrin náà ní, "Kì í ṣe ọ̀kan náà. Bọmubọmu gan-an, a kì í fi ṣeré. A mọ ìwọ̀n tí à ń fi sí i, a sì ń sè é. Èyí kò ní ìwọ̀n."

"Ìwọ, ṣé wàgásì lo wá tà ni àbí o wá kọ́ mi nípa òdòdó? O mọ̀ ọ́n ju àwọn tó ń tà á ní Parakou lọ?" Ó pòṣé.

Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí obìnrin náà sọ, mo sì gbọ́ ìwọ̀sí tí wọ́n fi dá a lóhùn. Mo tẹ orí ba, mo mú wàgásì méjì nínú igbá, mo sanwó. Tí mo bá ń sọ pé inú ń bí mi, ẹ má rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ló ń bí mi nínú.

Òdòdó yọ. Irọ́ ò sí níbẹ̀, ó yọ dáadáa. Ní ọdún kẹta ó ti ga ju géètì lọ, ó pọ́n yòò, àwọn tó ń lọ sí Kika lórí ọ̀kadà zẹ́mì á dúró yà á ní fọ́tò. Àbúrò mi náà ń yà á, ó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í so: èso kékeré, tútù bí ewé, tó ní igun. Tó bá gbó, á dúdú, á já sílẹ̀. Mo ń gbá a pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí láràárọ̀. Mi ò ronú kan nǹkan kan.

Nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀, àbúrò mi wá sinmi nílé. Ó ní àlejò òun ń bọ̀ láti Cotonou, ó mú àdá, ó gé gbogbo orí òdòdó náà kí ó lè tẹ́jú. Ó kó ẹ̀ka tó gé, tewé tèso, ó dà á sẹ́yìn ilé ìdáná. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ, aṣọ ọdún ti bò mí mọ́lẹ̀. Mo rí ajá tó dùbúlẹ̀ sórí àwọn ẹ̀ka náà, tó ń ha ọ̀kan bí ẹni ń ha egungun. Mo rí i o. Mo ní, "Wò ó, ó ti rí nǹkan ṣe." Mo tún ń ran aṣọ mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ Bàbá bọ̀, ajá jókòó sí àárín ọ̀nà. Mo gbọ́ ohùn Bàbá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Kí ló dé? Dìde. Kí ló dé?" Mo sáré lọ. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu ajá bí omi, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó bì, ó tún bì. Bàbá fi ọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó ní, "Kí ni ó jẹ?" Èmi àti àbúrò mi gbé e wálé. Bàbá di aṣọ mi mú lẹ́yìn.

Obìnrin oníwàgásì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé wa láàárọ̀ yẹn ni. Àwo ajá ṣì wà nílẹ̀, omi wàgásì tó kù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àbúrò mi rí àwo náà, ó pariwo: "Obìnrin Fúlàní yẹn! Òun ló fún un ní nǹkan jẹ!" Ó sáré jáde, ó rí i níbi tó ti ń tà fún àwọn ará ẹ̀gbẹ́ kejì títì, ó pè é wá. Kí n tó ṣẹ́jú, èrò ti pé. Oníkálukú ń sọ tirẹ̀, pé wọ́n ti mọ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, pé ṣebí màlúù wọn ló ń jẹ oko wa.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi náà dá sí i. Mo nawọ́ sí i lójú, mo ní, "Kí lo fún un? Ṣé nítorí pé àbúrò mi bú ẹ lọ́jọ́sí ni?" Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Obìnrin náà wo ajá tó ń jà pìtìpìtì nílẹ̀, ó wo Bàbá, ó wo èmi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àwo ajá náà. Àwo ajá o! Mùsùlùmí ni! Ó gbé e sẹ́nu lójú gbogbo wa, ó mu omi tó kù nínú rẹ̀ tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó gbé àwo náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ru igbá rẹ̀, ó lọ. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í yà sílé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, kó gbé mi mì.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ajá ń kú lọ. Àbúrò mi da epo pupa sí i lọ́fun, nítorí ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nílé wa nìyẹn, ẹni tó bá jẹ májèlé, ẹ fún un lépo. Epo náà tún ń jáde. Kí n tó rántí pe dókítà ẹran, ọ̀sán ti pọ́n. Ó gun alùpùpù wá. Ó fi igi ya ohun tí ajá bì, ó rí èérún èso tútù náà níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo ọgbà wa láti igun dé igun.

"Ta ló gbin èyí sílé tí ajá wà?"

Dókítà gbé etí lé àyà ajá. Ó ní ọkàn rẹ̀ ń lù, ó ń dúró, ó tún ń lù, pé ọkàn gan-an ni igi yìí ń bá jà. Ó ní epo kò ràn án lọ́wọ́ rárá, àkókò ni a fi ṣòfò. Ká ní a pè é lójú ẹsẹ̀ tí itọ́ bẹ̀rẹ̀, bóyá. Ó gún un lábẹ́rẹ́. Ó ní kí á má ṣe fi iná sun àwọn ẹ̀ka náà, pé èéfín rẹ̀ pàápàá kò dára, ká gbẹ́ ilẹ̀, ká bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ajá kú kí oòrùn tó wọ̀, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ Bàbá. Bàbá mọ̀ kí àwa tó mọ̀.

Àbúrò mi ní, "Ẹni tó tà á fún mi ò sọ fún mi pé ó lè pa nǹkan."

Mo jágbe mọ́ ọn. "Ẹnìkan sọ fún ẹ! Ó dúró síbí yìí, ó sọ fún ẹ, ó sọ fún èmi náà! O ní wàgásì ni kó lọ máa tà!"

Lọ́jọ́ kejì mo gba zẹ́mì lọ sí abúlé àwọn Fúlàní lọ́nà Goro. Mo kúnlẹ̀. Obìnrin náà ń fọ igbá. Ó ní kí n dìde, pé òun ti gbọ́. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Bàbá ńkọ́? Ta ló mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

Kò sẹ́ni tó mú un lọ. Láti àárọ̀ ni Bàbá ti wọ fìlà tó jókòó, èmi ọmọ rẹ̀ sì ń ronú nípa bí mo ṣe máa tọrọ àforíjì kí ojú má bàa tì mí láàárín ìlú. Obìnrin tí a fi ẹ̀sùn èké kàn ló béèrè Bàbá. Mo sunkún lórí zẹ́mì títí mo fi délé.

Nígbà tí mo délé, àbúrò mi ti rò ó. Ó jókòó ti Bàbá, ó ní òun ti wá ojútùú. Òun yóò ra ajá mìíràn. Ti òdòdó, a ò ní láti hú u, èso rẹ̀ nìkan la ó máa já. Ọdún mẹ́ta ló gbà kó tó dà báyìí, tí a bá hú u, iwájú ilé á ṣófo, àlejò sì ń bọ̀ lọ́la.

Mo ti la ẹnu láti bú u. Bàbá gbọ́wọ́ sókè. Ó ní kí n mú ọkọ́ wá. Ó ní kí n mú òun dé ìdí òdòdó náà.

Mo fi àjákù aṣọ dì í lọ́wọ́ méjèèjì kí oje má bàa kàn án, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, a lọ. Ó fọwọ́ wá igi àkọ́kọ́, ó rí i, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìdí rẹ̀. Ọkọ́ ń tàsé. Ó ń bá a lọ. Òdòdó ìyeyè tó kù ń já lé e lórí fìlà, kò mọ̀.

Àbúrò mi sáré tẹ̀ lé wa. Ó ti fẹ́ máa sunkún. "Páápá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ó lẹ́wà, Páápá. Ó lẹ́wà gan-an."

Bàbá dúró. Kò bínú, ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni.

"Ó lẹ́wà fún ta?"

Ó tún gbé ọkọ́ sókè níwájú àwa tí a lójú. Igi àkọ́kọ́ wó. Bàbá na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó ń wá èyí tó kàn. Mo di ọwọ́ náà mú, mo gbé e lé igi kejì.